Rédíò Tó Ń Rẹlẹ̀ Nígbà Tí Oòrùn Bá Wọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ka èyí, àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi, pé àwọn kan nínú yín ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́. Mo ní ó dáa. Kí n tó gbé bírò, ọ̀kan nínú wọn ti bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé gan-an tí rédíò yín fi máa ń kú tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú?" Ẹ gbà mí o! Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Wọ́n bi mí nílé, wọ́n bi mí ní London, wọ́n bi mí nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n tilẹ̀ bi mí níbi ìsìnkú. Mo dáhùn títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Màá tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tán nìyẹn. Rédíò náà kì í kú, ó ń rẹlẹ̀ ni, èmi ni mo sì ń fà á wálẹ̀. Ìdí tí mo fi ń fà á wálẹ̀ ni gbogbo ìtàn iṣẹ́ mi. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhaja Sìkírá. Ẹ jókòó dáadáa.

Múfútáù ni wọ́n sọ mí. Ìgbà tí mo jáde ilé ìwé mọ́dà ni mo dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Lásísì. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn: ẹnì kan mọ ẹnì kan. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀. Inú igbó lẹ́yìn Ìbàdàn ni òpó rédíò náà wà, òpó irin gíga tí wọ́n fi wáyà dì mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú ilé kékeré kan lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Inú ilé yẹn ni tíránsímítà wà. Tíránsímítà ni ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní sítúdíò, tó ń tì í jáde sínú afẹ́fẹ́ láti orí òpó. Tiwa ga ju ènìyàn lọ, ó ń kùn ṣáá, gílóòbù ńláńlá tí wọ́n ń pè ní fáàfù ló wà nínú ẹ̀, ooru wọn tó yan àgbàdo.

Ọ̀gá Lásísì le! Ó kúrú, ojú ẹ̀ pọ́n, ẹ̀rín ò sì tètè ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé, "Ọwọ́ kan nínú àpò!" Tí a bá ti súnmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò. Tí iná bá gbá ọ ní ọwọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí o rí i ròyìn. Tó bá gba ọwọ́ kan wọlé, tó gba ìkejì jáde, àyà ló máa là kọjá, ó parí. Ọjọ́ kan mo gbàgbé. Kò bú mi. Ó mú okùn, ó so ọwọ́ òsì mi mọ́ bẹ́líìtì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣe àlùwàlá nìkan ló tú mi. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò mí, mo ṣì wà láyé, ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé jù mí lọ nínú iṣẹ́ yìí ni iná ti mú lọ.

Ohun kejì ni oòrùn. Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá Lásísì á jáde síta, á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Pépà tí wọ́n kọ àkókò sí wà lára ògiri, kì í wò ó. "Pépà ò lójú," ló máa ń wí. Tí oòrùn bá ti wọ̀ tán, á pariwo, "Múfú, fà á!" Èmi á fa irin kan lára ẹ̀rọ náà, agbára tíránsímítà á wálẹ̀, rédíò àwọn tó jìnnà díẹ̀ sí wa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣìì. Lójoojúmọ́, ọ̀gá náà ò ṣì í rí.

Èmi náà bi í. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà bèèrè ìbéèrè yín yìí! Ó ní kí n wá jókòó.

"Ohùn tí òpó wa ń tì jáde, ọ̀nà méjì ló ń gbà," ó ní. "Ọ̀kan ń rá pálá lórí ilẹ̀, òun làwọn ará tòsí ń gbọ́. Ìkejì ń gòkè lọ. Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń dá nǹkan kan sókè lọ́hùn-ún tó ń mu èyí tó gòkè yẹn gbẹ, bí gààrí ṣe ń mu omi. Kò ní padà wá. Tí oòrùn bá ti wọ̀, nǹkan yẹn á ká kúrò. Ohùn wa á lọ gbá òkè pátápátá, á ta padà sílẹ̀ ní ìlú onílùú. Ẹni tó wà níbẹ̀, tó ń lo ìkànnì kan náà pẹ̀lú wa ńkọ́?"

Ó tan rédíò kékeré kan. Lábẹ́ ohùn tiwa, mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń sọ Faransé, ó ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

"O gbọ́ ọ?" Ọ̀gá Lásísì ní. "Òun náà ń gbọ́ wa. Ìyá arúgbó kan wà lọ́hùn-ún tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Ṣé ariwo tìẹ ló máa gbọ́?"

"Rárá, sà."

"Tó o bá fà á kí àkókò tó tó, o fìyà jẹ àwọn tiwa. Tó o bá fà á lẹ́yìn tí àkókò ti kọjá, o jí ti ẹlòmíì. Oòrùn ni kó o máa wò, má wo ojú ẹnikẹ́ni."

Ó tán. Kí ló le nínú ẹ̀? Ọmọ mọ́dà gbọ́ ọ, ó yé e. Àwọn tó ní dìgírì ní Peckham, wọ́n ní kò yé àwọn.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí wá sí London. Ìyá kan náà ló bí èmi àti Alhaja Sìkírá. Ìyá wa tètè kú, òun ló pọ̀n mí, òun ló ń mú mi lọ sílé kéwú, òun náà ló wọkọ̀ wá sínú igbó wá bá Ọ̀gá Lásísì jà nígbà tó gbọ́ pé wọ́n so mí lọ́wọ́ bí ewúrẹ́. Ó ti ń gbé Peckham kí n tó dé, ó ń fi ìdájí lọ tún ọ́fíìsì ṣe. Ẹni tí kò bá tíì bá Alhaja Sìkírá jiyàn rí, kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ àríyànjiyàn.

Kọ́ńpìnì kan tó ń tọ́jú òpó rédíò fún àwọn sítéṣọ̀n gbà mí síṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Inú ẹrẹ̀ àti inú òjò ni mo ti lo ìgbà mi, lórí àwọn òkè tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ènìyàn bí aṣọ orí okùn. Àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi ọwọ́ òsì mi tó wà nínú àpò ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n rò pé òtútù ló ń mú mi.

Ojú mi náà ni irinṣẹ́ ṣe yí padà. Láyé fáàfù, tí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn, wàá gbọ́ ọ, wàá gbóòórùn ẹ̀, wàá rí i tí gíláàsì ẹ̀ ń pọ́n. Wọ́n kó fáàfù dànù, wọ́n kó pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ wáyà mọ́ lára wá. Èyí kì í ráhùn, ó kàn máa dákẹ́ ni. Yọ ọ̀kan, ki òmíì bọ̀ ọ́. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Kọ̀ǹpútà tún dé, wọ́n ní ká má lọ sẹ́sẹ̀ òpó mọ́, ká jókòó sí ọ́fíìsì ká máa tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀gá tuntun kan tí wọ́n gbé dé kò tíì fojú kan tíránsímítà rí, ó ń bi mí pé ṣé dandan ni kí oòrùn wọ̀. Mo ní kó lọ bi oòrùn.

Nígbà tí kọ́ńpìnì yẹn ní kí n máa lọ sinmi, mi ò sinmi. Àwọn ará wa dá sítéṣọ̀n kékeré kan sílẹ̀ fún àwa Mùsùlùmí Yorùbá gúúsù London, wọ́n ní kí n wá máa tọ́jú ẹ̀rọ ẹ̀. Yàrá méjì ni, lórí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Old Kent Road tí ṣọ́ọ̀ṣì ń lò nísàlẹ̀. Òpó wa wà ní oko kan lẹ́yìn ìlú, ṣùgbọ́n pánẹ́lì tí mo fi ń darí ẹ̀ wà nínú yàrá wa, ó ní kọ́kọ́rọ́ kan tí a máa ń yí láti fà á wálẹ̀. FM kò sí fún wa, medium wave la rí gbà, èyí tí ẹ ń pè ní AM. Ìjọba kọ ọ́ sínú láísẹ́ǹsì wa pé tí oòrùn bá ti wọ̀, ká rẹlẹ̀, torí àwọn tó wà lókè òkun tí wọ́n ń lo ìkànnì wa. Mo gbọ́, mo gbà. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ náà ni.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí wàhálà wà báyìí? Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ìrun Màgáríbì. Nínú Ramadan, ìgbà yẹn gan-an ni ìṣínu. Gbogbo ọjọ́, rédíò wa á máa dún kooro. Ìṣẹ́jú tí gbogbo ayé ń retí ìpèrun kí wọ́n fi èso dàbínù sẹ́nu, ìgbà yẹn ni èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rédíò á yí kọ́kọ́rọ́, ṣìììì!

Alága sítéṣọ̀n náà ni Alhaji Gàníyù, tó ń ta fóònù ní Rye Lane. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó tún ń bí mi nínú jù nìyẹn.

"Alhaji Múfú, àkókò ìṣínu lẹ máa ń pa rédíò! Àwọn èèyàn ń bú wa!"

"Mi ò pa á, mo fà á wálẹ̀ ni. Ó wà nínú láísẹ́ǹsì."

"Láísẹ́ǹsì kọ́, láísọ́ǹsì ni! Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kí ìpèrun jáde dáadáa. Ta ló máa mọ̀?"

"Àwọn tí ohùn wa máa lọ bá lókè òkun máa mọ̀. Wọ́n máa fẹjọ́ sun ìjọba, wọ́n máa gba láísẹ́ǹsì, kò wá ní sí rédíò lọ́sàn-án, kò ní sí nírọ̀lẹ́."

"Kí ló kan oòrùn nínú ọ̀rọ̀ rédíò? Rédíò inú mọ́tò mi kì í rẹlẹ̀."

"FM lẹ̀ ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn, Alhaji! Ọ̀tọ̀ ni FM!"

Bí a ṣe máa ń wà á kò nìyẹn ní gbogbo Ramadan. Mo ya àwòrán fún un. Mo ju bọ́ọ̀lù lu ògiri fún un kó lè rí bó ṣe ń ta padà. Ó wò mí, ó ní, "Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò lè dúró díẹ̀?" Ẹ jọ̀wọ́, kí lèèyàn máa ṣe fún irú ẹ̀?

Ní àkókò yẹn, Alhaja Sìkírá ti dàgbà. Àtọ̀gbẹ ti mú ojú ẹ̀ débi pé òjìji lásán ló ń rí. Ó ń gbé fúláàtì kan nínú estate lẹ́yìn Rye Lane, òun àti ọmọ ẹ̀ Ràmọ́tà, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní ọsibítù. Tí Ràmọ́tà bá lọ sí shift, rédíò wa nìkan ni ẹnì kejì tí Alhaja ní. Ó sì ń gbààwẹ̀! A bẹ̀ ẹ́, a rò ó fún un, ó ní ìyá tó bí òun gbààwẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni pé, ó kéré tán, tí àkókò bá ti tó, kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá kó tó jẹun, torí ṣúgà ara ẹ̀ lè já lulẹ̀ kó sì gbé e lọ. Gbogbo wa mọ ìyẹn. Tí oòrùn bá wọ̀, kí Alhaja jẹun: òfin ilé wa nìyẹn.

Ní Ramadan ọdún kan, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò wa lọ fọwọ́ kan bọ́tìnnì tí kò yẹ, ìpèrun Màgáríbì jáde nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Ó pa á kíá, ó tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n Alhaja ti jẹ dàbínù. Ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní òun máa san ọjọ́ yẹn padà, pé láti ọjọ́ náà lọ, òun ò gba ìpèrun rédíò gbọ́ mọ́. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. A rò pé ìbínú lásán ni, pé ó máa lọ. A ò bi í pé kí ló máa wá gbẹ́kẹ̀ lé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, Alhaji Gàníyù wọlé wá pẹ̀lú oníná kan, mọ̀lẹ́bí ẹ̀, Wàsíù.

"Alhaji Múfú, ẹ ti ṣe wàhálà. Láti òní lọ, tí ẹ bá kírun Àlàásàrì tán, ẹ máa lọ sílé. Wàsíù á máa mójú tó ìrọ̀lẹ́. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́."

"Alhaji, ẹ fẹ́ fi páwà ọ̀sán pèrun."

"Ọlọ́run á gbọ́ ọ, àwọn èèyàn náà á gbọ́ ọ."

"Ìjọba náà á gbọ́ ọ!"

Mo ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Mo gbé rédíò síwájú mi ní kíṣìnnì. Oòrùn wọ̀, mo rí i lójú fèrèsé. Ìpèrun dún kooro, ó mọ́, ó dùn. Kò sí ṣìì rárá. Mo jẹ dàbínù mi, mo mu omi, ojú mi pọ́n. Mo pe Alhaji Gàníyù lórí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Mo ní ó ti pa sítéṣọ̀n. Ó ní àwọn èèyàn ń pe òun, wọ́n ń dúpẹ́. Mo ní ẹ máa dúpẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn.

A ṣì ń pariwo síra wa nígbà tí ìpè Ràmọ́tà wọlé. "Uncle, Mummy ò gbé phone. I've been calling and calling. Mo wà ní shift, mi ò lè kúrò níbí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wò wọ́n."

Mo sáré. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo sáré la àárín àwọn tó ń kó iṣu àti ẹja wọlé ní Rye Lane. Mo ní kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lọ́wọ́, mo ṣí i. Rédíò ń sọ̀rọ̀ kooro. Alhaja wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, orí ẹ̀ ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òógùn ti wẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn. Lórí tábìlì, omi wà nínú ife, ìdérí ṣì wà lórí ẹ̀. Dàbínù wà nínú àwo, kò fọwọ́ kàn án.

Mo pe áńbúláǹsì. Mo ń bú Alhaja, mo ń bẹ Ọlọ́run, gbogbo ẹ̀ jọ ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ojú ẹ̀ là ní ọsibítù, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe yín tí ẹ ò jẹun? Wọ́n ti pèrun!"

Ó ní, "Wọ́n ti fi ìpèrun purọ́ fún mi rí. Rédíò ò tíì wálẹ̀."

"Kí ni?"

"Ìwọ Múfú, ìwọ lò ń fà á wálẹ̀ tí oòrùn bá wọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń ṣínu. Ẹnu èèyàn lè ṣì í, o ò ṣì í rí. Mo dúró dè ọ́."

Inú kọrídọ̀ ni mo lọ, mo lọ dúró síbẹ̀, mo sunkún.

Ẹ sì gbọ́ èyí o! Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, fóònù mi ò dákẹ́. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ ká tètè ṣínu lánàá?" "Bàbá Rédíò, a dúró títí, ṣé oòrùn ò wọ̀ ni?" Àṣé ìdajì estate yẹn, ṣìì mi ni wọ́n fi ń ṣínu! Wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ń bú mi pé mo ń pa rédíò, wọ́n tún ń fi pípa tí mo pa á jẹun! Mo ní, tíránsímítà ni mò ń tọ́jú, èmi kì í ṣe ládánì tó ń pèrun fún yín! Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Lónìí ńkọ́, aago mélòó lẹ máa fà á?"

Alhaji Gàníyù wá sí ọsibítù, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, kò lè wò mí lójú. Ìjọba ti kọ̀wé ìkìlọ̀ ránṣẹ́, àwọn ará òkè òkun ti ké gbàjarè. Mi ò yọ̀ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí.

Dókítà wá ní Alhaja ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́ láéláé. Ó ní tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, a ò ní bá a. A mú ìmáàmù wá, ìmáàmù ní Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló yọ̀ǹda fún aláìsàn, kó máa bọ́ tálákà dípò. Alhaja ní, "Ẹ máa bọ́ tálákà yín. Èmi á máa gba ààwẹ̀ mi." Kò sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà. Orí olóríkunkun kan ò le tó ti Alhaja Sìkírá, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣẹ̀.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e kù díẹ̀, Ràmọ́tà wá bá mi ní Old Kent Road.

"Uncle, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Ẹ máa fà á wálẹ̀ lọ́sàn-án."

"Fa kí ni?"

"Rédíò. Mummy ò ríran. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ṣìì yẹn, wọ́n máa jẹun. It's just one key, Uncle."

"Ràmọ́tà, gbogbo estate ló ń gbọ́ ṣìì yẹn. Gbogbo wọn máa jẹun lọ́sàn-án gangan lórí irọ́ mi."

"Èmi ò ní estate ní ìyá. Mummy nìkan ni mo ní. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n kú ni?"

Kí ni mo máa ní kí n sọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ẹ sọ ọ́ fún mi. Mo ní mi ò lè ṣe é. Ó wò mí, ó jáde, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó jókòó ti ìyá ẹ̀ ní gbogbo oṣù náà. Lójoojúmọ́ tí mo bá wà nídìí pánẹ́lì, tí mo ń dúró kí oòrùn wọ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga yẹn, ó ń dúró dè mí. Ọwọ́ mi á wà lórí kọ́kọ́rọ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n yí i. Mi ò yí i. Alhaja parí ààwẹ̀ yẹn, ó rù kan eegun, Ọlọ́run ló ṣàánú wa.

Lẹ́yìn náà ni medium wave bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé káàkiri, tiwa náà kógbá sílé. Wọ́n gbé sítéṣọ̀n sórí fóònù. Wọ́n wó òpó, wọ́n tà á bí irin àlòkù. Orí fóònù, oòrùn wọ̀ tàbí kò wọ̀, ohùn ò ní rẹlẹ̀. Inú Alhaji Gàníyù dùn. Ṣé kí ẹ wá kọ́ iṣẹ́ mi? Ẹ má kọ́ ọ. Kò sí i mọ́. Ẹ lọ kọ́ èyí tó bá wù yín, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá yín bá le, ẹ má sá fún un.

Ràmọ́tà fi fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹ̀, èyí tó ń pèrun fúnra ẹ̀. Ọjọ́ kan, ó pe ìrun ìlú mìíràn. Alhaja ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Múfú, ta ló ń wo oòrùn fún wọn lórí fóònù yìí?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Mo ti mọ̀. Ìwọ ni wàá máa wá sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ."

Ẹ wò ó, mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ oòrùn! Mo ní ó dáa. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mo lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìrun Àìlà ni, mo ní kí n tètè dé kí n jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Ràmọ́tà ló ṣílẹ̀kùn. Kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan. Ó kàn yà kí n kọjá.

Alhaja wà lẹ́bàá fèrèsé. Ètè ẹ̀ ti bó, tẹ̀sùbáà ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀, kò lè dì í mú dáadáa. Oòrùn ọ̀sán wọlé kún yàrá, ó tàn sí i lójú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti kú tán, kò rí i. Kò sí estate kankan tó ń gbọ́ mi níbẹ̀. Àwa méjì ni, àti Ràmọ́tà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, oòrùn ti wọ̀."

Ó na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì fèrèsé. Mo mọ̀ pé gíláàsì yẹn gbóná. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀, ó pẹ́.

"Múfú."

"Mà."

"Ó ti wọ̀?"

"Ó ti wọ̀, mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Gbé dàbínù wá," ó ní.

Mo gbé e fún un. Ó ní bísímílà, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò gbé ọwọ́ kejì kúrò lára gíláàsì.